Irà Tí A Fọwọ́ Dá, Àgbọ̀nrín Inú Igbó, àti Omi Ìdọ̀tí Ibi Iṣẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

  A kí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ ní pàtàkì. Oorun wà lójú yín, síbẹ̀ ẹ kò yà sílé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tí ó sì wà níbí lónìí pọ̀ tó.

Nígbà tí a kọ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a fẹ́ gbọ́. Kí ni ti irà? Kí ni ti àgbọ̀nrín? Ṣé ẹgbẹ́ ọdẹ ni wá ni?" Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: omi tí a fi ń pa aṣọ láró, omi tí a fi ń fọ ìgò, omi tí a fi ń fọ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, níbo ni ó ń gbà lọ? Ìsàlẹ̀ ni omi í ṣàn sí, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni ilé tí àwa òṣìṣẹ́ háyà wà. Ọ̀gá àgbà kì í kọ́lé sí ẹ̀bá gọ́tà. Ọmọ ti wa ni í fi ẹsẹ̀ wọ́ odò náà kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kànga ti wa ni omi náà ń yọ́ wọ̀. Nítorí náà, bí a bá jà fún owó oṣù, tí a gbà á, tí a sì ná an tán sílé ìwòsàn lórí ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ara yíyún àwọn ọmọ wa, èrè wo ni a jẹ?

Ìdí mìíràn tún wà. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí kún ohun tí a ó gbé ka iwájú àwọn agbanisíṣẹ́ nígbà ìjíròrò tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó dìbò sí i. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò sí ohun tí kò yé e. Ohun tí a ń bọ̀ wá sọ nìyí: ọ̀nà kan wà tí a fi ń wẹ omi ìdọ̀tí mọ́ tí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, tí kò sì dúró de iná ìjọba. Irà ni orúkọ rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ IRÀ Ń ṢE

Àwọn baba wa mọ irà. Wọ́n mọ àkùrọ̀ tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rí i pé omi tí ó bá pọ́n wọ inú irà, tí ó rọra rìn láàrin koríko, a máa mọ́ nígbà tí ó bá jáde ní òdìkejì. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irà náà ni àwọn onímọ̀ jókòó tì, tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì wá ń fi ọwọ́ ara wọn dá irà tuntun sí ibi tí wọ́n bá fẹ́.

Iṣẹ́ kìíní ni pé irà a máa dá omi dúró. Bí ẹ bá pọn omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú àmù, tí ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, ẹrẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, omi á tòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú irà. Koríko kì í jẹ́ kí omi sáré, ohun tí ó bá wúwo nínú rẹ̀ a sì jókòó sísàlẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti àwọn kòkòrò àìfojúrí. Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ gan-an nínú irà. Ara igi koríko àti gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń jẹ ìdọ̀tí inú omi bí oúnjẹ. Iṣẹ́ ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan kò lè ṣiṣẹ́ àfi ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà. Àwọn ni wọ́n ń mú àmóníà tí ó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nítíréètì. Àwọn kejì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, inú ẹrẹ̀ dúdú ni wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n ń gba nítíréètì náà lọ́wọ́ ṣíìfù àkọ́kọ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nítírójìn lásán, tí ó ń fò padà lọ sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Bí ṣíìfù kan bá da iṣẹ́ sílẹ̀, ṣíìfù kejì kò ní ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ibi ẹ̀rọ mọ ohun tí a ń wí.

Iṣẹ́ kẹta ni ti koríko fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé koríko ni í mu gbogbo ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni koríko ń mu. Oore ńlá tí ó ń ṣe ni pé ó jẹ́ ilé fún àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Àwọn koríko odò ní ihò nínú bí páìpù, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ lókè, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀. Bí òjúoró ti ń léfòó lójú omi, tí òṣíbàtà náà sì ta ewé lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ní iṣẹ́ tiwọn.

Iṣẹ́ kẹrin ni pé irà a máa di àwọn ohun kan mú. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, tí ó pọ̀ nínú ọṣẹ àti nínú ìgbẹ́, a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ àti òkúta. Ní ti kòkòrò àrùn, oòrùn a máa pa wọ́n, àwọn ẹran kéékèèké inú omi a máa jẹ wọ́n, ọjọ́ tí wọ́n sì lò nínú irà a máa sọ wọ́n di aláìlágbára.

Oríṣi méjì ni irà tí a fọwọ́ dá. Nínú ti àkọ́kọ́, omi hàn sójú bí adágún, kò sì jìn ju orúnkún lọ. Nínú ti kejì, òkúta wẹ́wẹ́ ni a kó kún inú kòtò tí kò jìn tó mítà kan, a gbin koríko sórí rẹ̀, omi sì ń gba abẹ́ òkúta kọjá. Bí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, bàtà yín kò ní í tutù. Oríṣi kejì yìí kì í bí ẹ̀fọn, nítorí kò sí omi lójú níbi tí ẹ̀fọn yóò yé ẹyin sí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bíi mítà márùn-ún níbùú-lóròó ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ènìyàn kan nínú irú èyí. Ìyẹn ni pé omi ìdọ̀tí ilé 400 ènìyàn kò gbà tó ìdá mẹ́ta pápá bọ́ọ̀lù kan. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, àwọn kòkòrò náà a máa yára ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OBÌNRIN TÍ Ó BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ìlú Jámánì ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Käthe Seidel, onímọ̀ nípa ewéko ní ilé ìwádìí Max Planck ní Plön, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó fi koríko odò sínú omi ìdọ̀tí, àní omi tí ó ní oògùn olóró fẹ́nọ́ọ̀lù nínú, ó sì rí i pé koríko náà kò kú, omi sì ń mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹnjiníà ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní koríko lásán kọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Obìnrin náà kò dá wọn lóhùn, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ní 1967, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n dá irà hẹ́kítà kan láti wẹ omi ìdọ̀tí ibùdó ìsinmi kan tí 6,000 ènìyàn ń lò lójúmọ́. Ní 1974, wọ́n ṣí ti abẹ́lẹ̀ ní Othfresen, ní Jámánì. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn káàkiri ayé.

IRÀ ORLANDO ÀTI ÀGBỌ̀NRÍN RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú ibì kan tí ó tóbi. Ìlú Orlando wà ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1980, èrò pọ̀ ní ìlú náà, omi ìdọ̀tí pọ̀, àwọn odò tí wọ́n ń dà á sí kò sì lè gbà á mọ́. Wọ́n wá ra pápá kan tí wọ́n ti ń da màlúù, nítòsí ìletò tí wọ́n ń pè ní Christmas. Irà ni pápá yìí tẹ́lẹ̀ rí kí àwọn olówó màlúù tó fa omi rẹ̀ gbẹ. Èékà 1,220 ni, ó tó nǹkan bíi 700 pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n mọ ògiri yẹ̀pẹ̀ yí i ká, wọ́n pín in sí abala 17, wọ́n sì gbin ewéko tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 1987, wọ́n ṣí omi sí i. Omi tí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ wẹ̀ ni wọ́n ń fi páìpù gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, irà a sì parí iṣẹ́ náà, kí omi tó wọ odò St. Johns.

Ìgbà tí irà dé, ẹran dé. Oríṣi ẹyẹ tí ó lé ní 200 ni àwọn ènìyàn ti rí níbẹ̀. Ọ̀nì wà níbẹ̀. Àgbọ̀nrín onírù funfun sì wà níbẹ̀, ó ń rìn lórí ògiri yẹ̀pẹ̀ ní ìdájí bí onílé.

Ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa níhìn-ín. Àgbọ̀nrín tiwa àti èyí tí a ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Tiwa bá màlúù àti ewúrẹ́ tan. Ìwo rẹ̀ kì í jábọ́ títí ó fi kú. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà, akọ a máa sọ ìwo nù lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù láàrin oṣù díẹ̀, ó ń ta ẹ̀ka bí igi. Ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra: àwọn méjèèjì ń jẹ àpọ̀jẹ, wọ́n fẹ́ràn etí igbó àti etí omi, wọ́n sì ń fara pamọ́ lọ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lo orúkọ kan náà fún méjèèjì, àwa náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni àgbọ̀nrín ń wá nínú irà? Ohun mẹ́ta ni: oúnjẹ, ibi ìsápamọ́sí, àti omi tí ó lè sá sí nígbà tí ajá tàbí ọdẹ bá lé e. Kì í jẹ koríko gbogbo bí màlúù. Ọ̀mùnú ewé, òdòdó àti èso ni ó ń ṣà jẹ. Abo rẹ̀ a máa fi ọmọ pamọ́ sínú koríko gíga, a sì lọ jẹun jìnnà, kí òórùn ara rẹ̀ má baà fa ẹranko apanijẹ wá.

Ìtàn àgbọ̀nrín yìí ní Florida ní ẹ̀kọ́ nínú. Láti ìparí àwọn ọdún 1930 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ìjọba ní kí wọ́n yìnbọn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, nítorí eégbọn tí ń kó àrùn ran màlúù. Àgbọ̀nrín kọ́ ni ó kó màlúù wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n dá lẹ́bi. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n run ún. Lónìí, pápá màlúù ti padà di irà, ẹni tí wọ́n lé sì ti padà sílé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé bí àgbọ̀nrín bá ṣe ń pọ̀ ni ó ṣe ń dára. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi 1900, ọdẹ ti pa wọ́n débi pé wọn kò tó mílíọ̀nù kan mọ́. Òfin dé, ìkookò sì ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi, ni wọ́n bá ń bí sí i, títí wọ́n fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, igi kékeré kì í rí ààyè dàgbà. Nínú irà tuntun, tí koríko rẹ̀ kò tíì ta gbòǹgbò, wọ́n lè jẹ ẹ́ tán láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí irú rẹ̀ ká. Ohun gbogbo ní ìwọ̀n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a gbọ́. Ní 2021, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí àmì àrùn kòrónà nínú ẹ̀jẹ̀ nǹkan bíi 40 nínú 100 èyí tí wọ́n gbà ní ọdún náà. Ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ti ran wọ́n. Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ń fura sí, omi ìdọ̀tí sì wà lára wọn. Ohun tí a bá dà nù kì í nù. Ó ń wá ẹni tí yóò bá gbé.

IBI TÍ WỌ́N TI ṢE É LÓDÌ

A ti sọ ti ibi tí ó dára, ẹ jẹ́ kí á sọ ti ibi tí ó burú. Adágún odò kan wà ní Manipur, ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Índíà, Loktak ni orúkọ rẹ̀. Lórí omi náà ni ilẹ̀ tí ń léfòó wà. Koríko, gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ ni ó so pọ̀ bí ẹní ńlá, òmíràn nípọn tó mítà méjì. Phumdi ni wọ́n ń pè é. Lórí phumdi yìí ni àgbọ̀nrín kan ń gbé tí kò sí ní inú igbó mìíràn ní gbogbo ayé. Sangai ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń rìn lórí ilẹ̀ tí ń mì yẹn, ẹ ó rò pé ijó ni ó ń jó.

Ní 1951 wọ́n ní sangai ti tán láyé. Ní 1953 wọ́n tún rí díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1975, 14 péré ni wọ́n. Ní 1977, ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko Keibul Lamjao, kìlómítà 40 níbùú-lóròó.

Àṣírí phumdi nìyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi adágún a máa fà, phumdi a rọ̀ sílẹ̀ títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, a sì jẹun yó. Bí òjò bá dé, a tún léfòó pẹ̀lú agbára tuntun. Ṣùgbọ́n ní 1983, wọ́n sé odò ní Ithai láti fi ṣe iná mànàmáná mégáwáàtì 105. Láti ọjọ́ náà, omi kì í fà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Phumdi kì í kan ilẹ̀ jẹun. Ó ń fẹ́lẹ́, àgbọ̀nrín sì ń jìn wọ inú omi. Lẹ́yìn èyí, odò Nambul ń kó ìdọ̀tí ìlú Imphal wá sínú adágún náà láìwẹ̀. Wọ́n gbé ẹrù lé irà lórí, wọ́n sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ta ni wọ́n wá dá lẹ́bi? Àwọn apẹja ni. Àwọn tálákà tí wọ́n kọ́ ahéré sórí phumdi, tí wọn kò ní ilẹ̀ mìíràn. Ní November 2011, àwọn aláṣẹ àti ọlọ́pàá wá sun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ahéré wọn níná. Ìsédò náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sun ún. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ohun tí a mọ̀? Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní ìwé ìbéèrè? Ṣé ẹni tí kò ra páàtì tuntun ni, tàbí ẹni tí ń ti ẹ̀rọ náà?

Àwọn sangai kò tíì tán. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2016, 260 ni wọ́n. Ìṣọ́ra àwọn ènìyàn ìlú náà ni ó pa wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ń fẹ́lẹ́.

Nílé níhìn-ín náà, irà ṣì kù díẹ̀. Ní Lekki, ní ìpínlẹ̀ Èkó, hẹ́kítà 78 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1990. Irà ni, igbó ni, àgbọ̀nrín tiwa sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ni ó yí i ká yíyí. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ iye irà tí yanrìn ti bò láti ìgbà náà, ẹ sì mọ ibi tí omi ń dúró sí nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀.

OHUN TÍ IRÀ KÒ LÈ ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí lọ kí ó máa sọ pé ẹgbẹ́ ní koríko lè wo gbogbo àrùn sàn. Irà ní ààlà.

Lákọ̀ọ́kọ́, irin olóró bíi òjé àti kúrómíọ́ọ̀mù kì í di afẹ́fẹ́. Inú ẹrẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Bí a bá dà á sínú irà lọ́dọọdún, a kàn ń kó májèlé jọ sí ojú kan ni. Irú omi bẹ́ẹ̀, inú ilé-iṣẹ́ ni ó ti yẹ kí wọ́n yọ oògùn rẹ̀ kúrò. Ẹranko tí ó bá sì wá jẹ koríko níbẹ̀ yóò gbé e lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tí ó bá pa á.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti gírísì a máa dí gbogbo ihò òkúta pa. Kò yẹ kí omi gáréèjì wọ irà láìkọ́kọ́ gba kòtò tí ó ń yọ ọ́ìlì kọjá.

Lẹ́ẹ̀kẹta, irà a máa kún. Ní Orlando, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ẹrẹ̀ pọ̀ nínú àwọn abala kan débi pé irà kò lè di fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì mú dáadáa mọ́. Wọ́n ní láti gbẹ́ ẹrẹ̀ náà kó dà nù, kí wọ́n sì tún koríko gbìn. Irà tí kò ní òṣìṣẹ́, ààtàn ni yóò dà.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ FẸ́ KÍ Ẹ DÌBÒ SÍ

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Ẹ̀ ń wí pé, "Bí a bá fi ọ̀rọ̀ omi há àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́rùn, wọn yóò ní owó kò sí, wọn yóò sì dín òṣìṣẹ́ kù." Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ìwé ìdádúró. Nítorí náà gan-an ni a fi mú ọ̀rọ̀ irà wá. Èyí tí ó wọ́n jù nínú ìwẹ̀nùmọ́ omi ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi lọ́sàn-án lóru, àti dísù tí ó ń mu. Irà kò mu dísù. Ilẹ̀, òkúta, koríko àti ọwọ́ ènìyàn ni ó fẹ́. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ni ó ń mú wá, kì í gba iṣẹ́.

Òfin pẹ̀lú sì wà lẹ́yìn wa. Láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ da omi olóró sínú odò láìwẹ̀. Àjọ NESREA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2007, ni ó wà fún àmójútó rẹ̀. Ní 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá yẹra fún ibi tí ewu ikú ti hàn gbangba.

Ohun márùn-ún ni a fẹ́ bèèrè:

1. Kí wọ́n máa yẹ omi tí ó ń jáde wò, kí èsì rẹ̀ sì wà lára pátákó tí òṣìṣẹ́ lè kà.

2. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú kòtò tàbí táńkì omi ìdọ̀tí mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí okùn sì wà ní ìdí rẹ̀, tí ènìyàn sì wà lókè. Gáàsì inú kòtò a máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ènìyàn a sì ṣubú. Ẹni tí ó bá sáré wọlé láti gbé e a máa ṣubú tẹ̀lé e. Ẹ fi ìyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí a sọ lónìí lọ. Bí a kò bá rántí àgbọ̀nrín mọ́, kí á rántí kòtò.

3. Kí gáréèjì ní kòtò tí ń yọ ọ́ìlì, kí ibi aró sì yọ oògùn rẹ̀ kúrò kí omi tó jáde.

4. Kí wọ́n fi ilẹ̀ tí ó ṣófo nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ dá irà olókùúta kan wò, fún omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé oúnjẹ ná, kí a rí bí yóò ti ṣe.

5. Kí iṣẹ́ irà náà jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ wa, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n fún wọn ní bàtà, ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí owó wọn má sì kéré sí ti ẹni tí ń ti ẹ̀rọ. Kí wọ́n má ṣe gbé e fún àwọn alágbàṣe ojúmọ́ tí kò ní ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a ti gbọ́ ti irà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn dá, tí ẹran ìgbẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wò tí ó sì jókòó. A ti gbọ́ ti irà tí Ọlọ́run dá, tí ènìyàn fẹ́ pa. Àwọn méjèèjì ń kọ́ wa ní ohun kan: omi kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́, ibi tí a bá là fún un ni yóò gbà. Àwa tí a ń gbé ìsàlẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò gbà.

Ìwé ìdìbò wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin ti ṣíìfù ọ̀sán, ẹ dìbò kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà lónìí, aṣojú yín yóò mú ìwé wá bá yín ní gáréèjì. Ẹni tí ó ní ìbéèrè, kí ó dìde, a ó dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní í bàjẹ́ o.